Ṣúgà Lórí Ọkọ àti Ìyàwó

Bí àwọn ọmọ Páṣíà tí ó tẹ̀dó sí Los Angeles bá ń fẹ́ Kristẹni níyàwó, tí wọ́n tẹ́ aṣọ tí wọ́n ń pè ní sofreh aghd sílẹ̀, tí jígí àti ọ̀pá àbẹ́là méjì dúró lórí rẹ̀, tí Bíbélì sì wà láàárín wọn, àwọn obìnrin tí ilé ọkọ tù lára a na aṣọ funfun sókè orí tọkọtaya, wọn a sì máa ha ṣúgà oníṣóńṣó méjì mọ́ ara wọn, kí adùn lè máa sẹ̀ bí ìrì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó bi ìyàwó bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkọ náà. Kí ó tó dáhùn, àwọn èrò a ní ó lọ já òdòdó! Ìyẹn wù mí púpọ̀, nítorí ọmọ tí ó níyì kì í yára jẹ́ hẹ́ẹ̀n. Lẹ́yìn tí àlùfáà bá sì ti gba ẹ̀jẹ́ wọn, tí òrùka bọ́ sí ìka, nígbà náà, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ àdúrà àwa Yorùbá pé dídùn là á bá nílé olóyin, wọn a fi ìka kékeré tọ́ oyin sí ara wọn lẹ́nu.