Iṣẹ́ Ọdẹ Nínú Ìwé Fágúnwà àti Nínú Igbó Ọba

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí Olóyè D. O. Fágúnwà kọ, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì tẹ̀ jáde ní 1938. Ọmọ Òkè-Igbó ni òǹkọ̀wé náà, ìlú tí ó wà láàárín Oǹdó àti Ilé-Ifẹ̀. Olùkọ́ni ni, Onígbàgbọ́ sì ni pẹ̀lú. A ti yin èdè rẹ̀ tó. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni igbó inú ìwé rẹ̀, àti ojú tí ó kọ́ wa láti máa fi wo igbó.

Igbó náà kún fún ẹ̀rù. Àgbákò wà níbẹ̀, iwin sì wà níbẹ̀ lóríṣìíríṣìí. Ìwé Igbó Olódùmarè, tí ó jáde ní 1949, tilẹ̀ fi Ànjọ̀nú-ìbẹ̀rù ṣe oníbodè igbó, ẹni tí Olówó-ayé níláti kọjú ìjà sí kí ó tó wọlé. Ọmọdé tí ó bá ka ìwé wọ̀nyí yóò mọ̀ pé igbó ní onílé, a kì í sì í wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni ó dá ìrókò àti igbó orò sí nígbà àwọn baba wa. Nígbà tí ìwàásù dé, a gbọ́ pé kò sí iwin nínú ìrókò, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà dúró síbẹ̀: kò sọ ìdí mìíràn tí a ó fi dá igi sí. Kòkó wọlé, agégi sì tẹ̀lé e.

Kí ni Àkàrà-oògùn, Kàkò, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù ń wá lọ sí Òkè Láńgbòdó? Ọba ni ó rán wọn, nítorí àlàáfíà ìlú. Ibi tí ìwé náà dára jù lójú wa nìyí: wọn kò ru gẹdú bọ̀ wálé, ọgbọ́n ni wọ́n rù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 ni Ìrágbèje fi kọ́ wọn, ìwà ọmọ ènìyàn sì ni ó ń kọ́ wọn. Igbó kò ju ọ̀nà tí wọ́n gbà kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú èdè wa, ọdẹ ju apẹran lọ. Ẹni tí ń ṣọ́ ìlú lóru, ọdẹ ni a ń pè é. Orí kejì Jẹ́nẹ́sísì kò fi ọgbà Édẹ́nì lé Ádámù lọ́wọ́ láti jẹ ẹ́ run: àgbẹ̀ ni ó fi í ṣe, ó sì fi í ṣe ọdẹ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí Àkúrẹ́, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ń ṣe àkóso igbó ọba Olúwa, ti Ìdànrè àti ti Àkúrẹ́-Òfosù. Láti 1999, AD, PDP, Labour àti APC ni ó ti jókòó lórí àga náà. Òòlù tí a fi ń sàmì sí gẹdú kò sinmi lábẹ́ ọ̀kankan wọn. Ní oṣù kìíní 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú pàṣẹ pé kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba láàárín ọjọ́ 7, nítorí ìjínigbé. Ẹ̀rù tí ó wà nídìí àṣẹ náà kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n ojú Fágúnwà ni a tún fi wo igbó: a wá ẹni ibi tí ó wà láàárín igi, a kò bèèrè igi.

Ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú a máa ka igi tí ẹgbẹ́ kejì gé. Èyí tí tirẹ̀ gé, ó di ìdàgbàsókè. Nítorí náà ni Onígbàgbọ́ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan fi wúlò. Àwọn kan a máa wí pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí ó dákẹ́. A kò gbà. Ọba wàjà, ọba mìíràn jẹ. Ọdẹ òru kò torí èyí lọ sùn. Kí ó lọ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba tí ó bá wà lórí àga, pé gẹdú mélòó ni ó jáde lọ́dún yìí, àti pé igi mélòó ni a gbìn dípò wọn.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ, ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, nígbà tí ẹ bá dé Òkè Láńgbòdó, ẹ dárúkọ arère, afàrà, ọ̀gànwó àti òmọ̀ fún wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n ti rí lórí ìdúró, àti èyí tí ó jẹ́ pé ní pákó nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n.