Ìlà Ìbàdí àti Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn: Àríwísí lórí Ìlànà Tuffier

Ìlànà tí àwọn dókítà akunnilóorun fi ń wá ibi tí wọn yóò gún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn sí, èyí tí ń mú kí ara kú láti ikùn dé ẹsẹ̀, rọrùn láti kà nínú ìwé. Dókítà yóò fi ọwọ́ méjèèjì wá ṣóńṣó egungun ìbàdí lọ́tùn-ún àti lósì, yóò sì fi ojú inú fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Ibi tí ìlà náà bá ti dábùú ọ̀pá ẹ̀yìn ni egungun kẹrin nínú márùn-ún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, tàbí àlàfo tí ó tẹ̀ lé e. (Yorùbá ojoojúmọ́ kò fún márààrún ní orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.) Bier ni ó kọ́kọ́ lo irú abẹ́rẹ́ yìí fún iṣẹ́ abẹ, ní Kiel, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1898, orúkọ Tuffier, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ni ìlà náà ń jẹ́.

Okùn iṣan tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀, èyí tí abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kàn, sábà máa ń parí sí egungun kìíní tàbí ìkejì. Ti ẹlòmíràn dé ìkẹta. Nítorí náà, àṣìṣe àlàfo kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìlànà náà kò parọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń fi kọ́ni bí òfin ni ó ní àbùkù. Egungun ni ìlà ń tọ́ka sí. Awọ àti ọ̀rá ni ọwọ́ ń bà. Nínú àyẹ̀wò tí Broadbent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2000, tí wọ́n fi àwòrán MRI ṣe ẹlẹ́rìí, 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún àmì ni ó bọ́ sí àlàfo tí àwọn dókítà pè é. 51 fi àlàfo kan ga jù. Òmíràn tilẹ̀ fi mẹ́rin ga. Ìhà òkè, níbi tí ewu wà, ni àṣìṣe náà ń forí lé. Yálà aláìsàn jókòó tàbí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kò yí i padà. Ọ̀rá ni ó mú un burú sí i.

Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ilé ìwòsàn ìjọba, aláboyún tí a fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Oyún a máa mú kí ẹ̀yìn kún, ikùn kì í sì í jẹ́ kí obìnrin tẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí ó bá tún jẹ́ Ìjọ́ tàbí Ùròbò, ‘Ẹ wó èjìká sílẹ̀, ẹ ti ẹ̀yìn jáde’ lè má yé e, àfi kí a fi Pijin là á. Ìlà Tuffier kò mọ èyí. Ẹ̀rọ sikáànì lè ka àwọn egungun náà láti ìdí lọ sókè. Níbi tí kò bá sí, kí dókítà yan àlàfo ìsàlẹ̀ jù lọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá rí, kí ó sì yẹra fún èyí tí ó bá pè ní ìkejì sí ìkẹta, nítorí ó lè jẹ́ ìkíní sí ìkejì gan-an.