Ife-Ẹ̀yẹ Tí Màámi Ṣì Ń Retí

Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Nàìjíríà pe àlejò márùn-ún wá sí Èkó láti gbá bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin: Gánà, Kamẹrúùnù, Málì, Mòrókò àti Gúúsù Áfíríkà. Ife-ẹ̀yẹ Aisha Buhari ni wọ́n pe ìdíje náà, pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan ni wọ́n sì ti gbá a. Èmi ń múra àtiwọ JSS 1 nígbà náà ní Ayétòrò, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò wa ni mo sì ti wò ó.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, ọjọ́ 21, Gúúsù Áfíríkà fi àmì ayò 4 sí 2 na àwọn Super Falcons wa. Mo sunkún. Màámi, tí kì í fẹ́ rí mi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, jókòó tì mí títí wọ́n fi parí. Ó ní, “Ọmọ mi, nu ojú rẹ. Bí wọ́n bá tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, n óò mú ọ lọ sí Èkó, kí o fojú ara rẹ rí i.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú sí ìdíje yìí: ibi tó ti dára, àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn kan sọ pé ìnáwó lásán ni. Èmi kò gbà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a bá pe èèyàn sí dà bíi dígí: ó ń fi ojú ẹni han ẹni. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Keje ọdún 2022, nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà ní Mòrókò, Gúúsù Áfíríkà tún nà wá, 2 sí 1, àwọn náà ló sì gba ife ọdún náà. Mòrókò tí a ti pè wá sí Èkó ló bá wọn dé àṣekágbá. Ẹ ò rí i pé àwọn àlejò tí a pè kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó pè wọ́n mọ ẹni tó yẹ kó pè.

Àríwísí mi wà lórí orúkọ rẹ̀. Orúkọ ìyàwó Ààrẹ ni wọ́n fún ife náà. Bíbu ọlá fún obìnrin dára, ṣùgbọ́n ohun tí a bá so mọ́ àga, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá dìde lórí àga ni yóò bọ́. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba náà kógbá sílé, ìdíje náà kò sì tíì wáyé lẹ́ẹ̀kejì títí di ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wé e, nítorí ilẹ̀ Yewa ni mo ti wá. Àwọn ìyá wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bu ọlá fún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá kan ṣoṣo. Ìlú ló ni ín. Ẹni tó ń gbé ère lérí lónìí lè darúgbó, ọmọ rẹ̀ á gbé e. Eré kò ní parun. Bí a bá fẹ́ kí ìdíje àwọn obìnrin pẹ́, ìlú ni kó ni ín.

Kò sì dìgbà tí Ààrẹ bá dá sí i. Àwọn ará Kétu àti Pobè ní ilẹ̀ Benin jẹ́ ìbátan wa. A jọ ń ná ọjà, a jọ ń fẹ́ra. Bí àwọn ilé-ìwé Ìlaròó àti Ayétòrò bá pe àwọn ọmọbìnrin wọn wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún, ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè méjì náà nìyẹn. Ohun tí a nílò kò ju pápá tí àwọn ọmọkùnrin kò ní lé wa kúrò lórí rẹ̀ lọ. Ní ilé-ìwé wa, ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ni tiwa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ bọ́ọ̀lù jù mí lọ ti fi í sílẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń wò wá?”

Ní ọjọ́ 26 Oṣù Keje ọdún 2025, Mòrókò kọ́kọ́ fi 2 sí òdo ṣíwájú wa ní Rabat, kí a tó nà wọ́n 3 sí 2. Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin, ni balógun tó gbé ife náà sókè. Màámi béèrè pé, “Ọmọ Yorùbá ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ìlérí tí mo ṣe fún ọ, mi ò gbàgbé o. Ìgbà wo ni wọ́n máa tún ṣe ti Èkó?”

Mi ò rí èsì fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tó ń ka àròkọ yìí, ẹ bá mi dá a lóhùn.