Ta Ló Wà Lábẹ́ Ẹ̀kú Alien?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo Alien, fíìmù tí Ridley Scott ṣe lọ́dún 1979, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́: ta ló ṣe abàmì ẹ̀dá yẹn? Ọ̀pọ̀ á dárúkọ H.R. Giger tó ya àwòrán rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá ló wà nínú ẹ̀wù náà: Bọ́lájí Badéjọ, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1953, tó sì kú sí Èbúté Mẹ́ta lọ́dún 1992, nítòsí Yábàá tá a ti ń gbafẹ́ kiri yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni ní London, kò ṣe fíìmù rí. Ilé ọtí kan ní Soho ni wọ́n ti rí i, ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, apá gbọọrọ, ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ẹlòmíì lè ní gíga lásán ni wọ́n bá a rà. Èmi ò gbà. Tó bá jẹ́ gíga nìkan ni, kí ló dé tó fi lọ kọ́ tai chi àti eré aláìfọhùn?

Ẹ tún wo ibi tó ti ká Lambert mọ́. Kò sáré. Ó rọra ń nà sókè ni, bí ẹni tó mọ̀ pé kò síbi tí ẹran òun fẹ́ gbà. Ìrọra yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani. Ẹ sì rántí pé ẹni tó ń ṣe é ò lè jókòó sinmi nítorí ìrù. Àga bíi jangilọ́fà ni wọ́n so fún un.

Òótọ́ ni pé òun nìkan kọ́. Eddie Powell àti Roy Scammell náà wọ ẹ̀wù yẹn níbi tó léwu. Scott ò sì jẹ́ ká rí ẹ̀dá náà pẹ́: fìrí báyìí, ó ti lọ. Fìrí yẹn dáa fún ẹ̀rù, àmọ́ òun náà ló bo iṣẹ́ òṣèré mọ́lẹ̀. Nígbà tí Oscar dé, ti àrà inú àwòrán ni wọ́n gbà; Giger wà lára àwọn tó gbà á.

Nílé wa, a kì í dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú, torí ará ọ̀run la kà á sí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ní aránṣọ ló jó. Ohun tí wọ́n ṣe fún Bọ́lájí gan-an nìyẹn: wọ́n yin aránṣọ, wọ́n gbàgbé oníjó.

Ó padà sílé, ó ṣí gálárì lọ́dún 1983. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á lẹ́ni ọdún 39. Fíìmù kan ṣoṣo ló ṣe láyé rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tún wo Alien, ẹ má tíì pa á tí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Ẹ dúró, tirẹ̀ ń bọ̀. Bí eégún ẹni bá jó dáadáa, orí a máa yá ni.