Ọ̀fẹ́ Tí Ó Ń Ná Ni Lówó

William Stein bẹ̀rẹ̀ SageMath ní ọdún 2005, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ owó ńlá tí wọ́n fi ń ra sọ́fítíwìà ìṣirò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Ìwé ìtọ́nà tí ń kọ́ wa bí a ó ṣe gbé e sórí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé etí òkun Ìlàjẹ ni mo fi kà á.

Ìwé náà ní ẹ̀yẹ tirẹ̀. Ó kìlọ̀ pé orúkọ fólídà tí a ó kó iṣẹ́ sí kò gbọdọ̀ ní àlàfo láàárín. Ìkìlọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lè gba odidi ọjọ́ kan là fún ni. Bí iṣẹ́ bá sì dá dúró lójú ọ̀nà, ó ń tọ́ka sí fáìlì tí a kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Tí a bá tún pàṣẹ make, kò ní tún àwọn apá tí ó ti parí ṣe. Ẹni tí epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tán lójijì yóò mọ iyì èyí.

Àmọ́ ẹni tí iná rẹ̀ kì í kú, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í já, ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń lo Windows gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé WSL wá, kí ó gbé Linux lé e, kí ó tó kan SageMath. Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ, ta ni yóò san owó dátà yẹn?

Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já, fáìlì tí kò pé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Kọ̀ǹpútà yóò ní fáìlì bàjẹ́; akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní sọ́fítíwìà ni kò dára. Kí ó fi ìwọ̀n fáìlì ọwọ́ rẹ̀ wé èyí tí a kọ síbi tí ó ti gbé e. Bí ó bá kéré sí i, wget -c lè máa bá a lọ láti ibi tí ó já sí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ wo GNU Octave, tí John W. Eaton bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Fáìlì kan ṣoṣo tó fún Windows. Ẹnìkan lè gbé e ní Igbókòdá, kó o sórí fílàṣì, wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé, kí ogún ènìyàn sì lò ó láìná kọ́bọ̀ lórí dátà. Òfin rẹ̀ gba èyí láàyè. Lóòótọ́, SageMath ṣe ohun púpọ̀ tí Octave kò lè ṣe, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí kò dé ọwọ́ kò tíì ṣiṣẹ́ kankan.

Ìwé ìtọ́nà SageMath náà ṣí sílẹ̀ fún àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí a kọ ojú ewé ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró sí i, kí a sì kọ ọ́ ní Yorùbá.