Ọfà Ishi, fún Ọrun Tí Kò Le

Ọrun tí Ishi fi ń dọdẹ kò le rárá. Pẹlẹbẹ igi júnípà ni, ó lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì gùn ju mítà kan lọ púpọ̀. Agbára tí èèyàn fi ń fà á jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 40 sí 45, ìyẹn kílò 18 sí 20. Àwọn ọrun ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kó jáde látinú ọkọ̀ Mary Rose, èyí tó rì ní 1545, ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ọrun Ishi ń pa àgbọ̀nrín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ọfà ni kó yẹ̀ wò.

Ishi ló kẹ́yìn nínú àwọn Yahi ní àríwá California. Àwọn òyìnbó ti pa àwọn èèyàn rẹ̀ tán kó tó jáde sí ìlú Oroville ní oṣù kẹjọ ọdún 1911. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì California ní San Francisco ló gbé títí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi pa á ní 1916. Dókítà Saxton Pope di ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Inú mi ń dùn pé ó kọ ọ́, torí kò sí Yahi mìíràn tí ì bá sọ ọ́ fún wa.

Ẹ̀ka hásẹ́lì tó ta gbọnrangandan ni Ishi ń gé. Á jẹ́ kó gbẹ, á nà án sójú ẹ̀yinná, á wá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó bá wọ́, títí tí yóò fi tọ́. Lẹ́yìn náà ló ń fi òkúta yanrìn ha á títí tó fi ń dán. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ó máa ń fi ẹsẹ̀ di egungun ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú, á sì máa yí ọ̀pá náà lórí rẹ̀ títí ihò yóò fi wọ orí ọ̀pá. Inú ihò yẹn ló ń ki igi kejì bọ̀, igi kúkúrú tó wúwo, tó sì le ju hásẹ́lì lọ. Á fi oje igi lẹ̀ ẹ́, á fi iṣan tó ti jẹ lẹ́nu dì í yíká. Iṣan náà á gbẹ, á sì fún un pinpin.

Kí ni igi wúwo ń ṣe níwájú? Ọrun tí kò le kò ní agbára tó ṣeé fi ṣòfò. Bí ọfà bá fúyẹ́ jù, á sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agbára ọrun á ṣẹ́ kù sára ọrun, á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ọdẹ. Ọfà tó wúwo ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ọrun, kì í sì í tètè dúró bó bá kan ẹran. Àwọn tó ń lo ọrun pọ́n-ùn 40 ní Amẹ́ríkà lónìí ń wá ọfà tó tó gíráàmù 26 ó kéré tán, àwọn mìíràn a sì lé e dé 30. Ohun tó ń náni ni pé irú ọfà bẹ́ẹ̀ tètè ń já wálẹ̀. Ọdẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran. Ishi mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: á fi ìka sẹ́nu, á sì ké bí ehoro tí ìyà ń jẹ, títí ẹran yóò fi wá bá a.

Ìṣòro tó gba làákàyè jù wà nínú bí ọ̀pá ṣe ń tẹ̀. Bí ọdẹ bá tú ọsán sílẹ̀, ọfà a tẹ̀, a sì yí ara ọrun kọjá kó tó nà tọ́. Ọrun tí kò le ń fẹ́ ọ̀pá tó rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹrù kún iwájú, ọ̀pá yẹn kan náà á tún rọ̀ sí i! Ọdẹ tó mọṣẹ́ a máa ta ọ̀pá tí kò ní ìyẹ́ sí ibi àfojúsùn, a wo ìhà tó yà sí, a gé e kúrú díẹ̀díẹ̀, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Sùúrù níhìn-ín ju owó lọ.

Ní ti ẹnu ọfà, ojú méjì ni mo fara mọ́ fún ọrun tí kò le, torí ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń béèrè agbára tí kò sí. Ẹnu ọfà Ishi kéré, ó sì fẹ́lẹ́. Orí ìwo àgbọ̀nrín làwọn Yahi fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde látara obsidian, òkúta dúdú tó ń dán bíi dígí. Ní San Francisco, ó tún ń lo àfọ́kù ìgò. Pope ta á wò pẹ̀lú ẹnu irin, ti òkúta ló wọlé jù.

Irin dídára wà lọ́jà báyìí, ṣùgbọ́n apó àti ìrìn inú igbó lè mú kí ẹnu rẹ̀ kú. Ẹ fi irun apá dán an wò kí ẹ tó gun orí igi lọ dúró de ẹran. Bí kò bá fá irun náà mọ́ tónítóní, ẹ pọ́n ọn, tàbí kí ẹ fi ọfà yẹn sílẹ̀ sílé.