Ọwọ́ Tó Ń Tún Ìlù Etí Ọmọdé Ṣe

Awọ ìlù etí kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Bí etí ọmọ bá ń ṣọyún títí awọ náà fi lu, tí ihò ọ̀hún kò sì dí fúnra rẹ̀, iṣẹ́ abẹ kan wà tí mo ń kan sáárá sí.

Lára etí ọmọ náà gan-an ni dókítà ti ń gé kèrékèré díẹ̀, níbi kókó kékeré tó yọ síwájú ihò etí, láti fi dí ihò tó wà lára ìlù etí. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, yóò bẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, nígbà mìíràn dé ìdajì mìlímítà. Bó bá nípọn jù, ohùn lè má mì ín dáadáa. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, ó lè ká kò. Ọgbọ́n ọwọ́ gidi nìyẹn!

Awọ tó bo iṣan ẹ̀bátí ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń lò, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ẹ̀yìn imú wọ inú etí kò tíì gbó lára ọmọdé, ìyẹn a sì máa fa awọ rírọ̀ wọlé. Kèrékèré a dúró gbọin. Heermann, dókítà ará Jámánì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ní àwọn ọdún 1960.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ má jẹ́ kí omi wọ etí ọmọ títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda.